Mo Gbé Ẹ̀jẹ̀ Ajá Bàrígà Lọ sí Gúúsù Áfíríkà

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí, láti Ọbaníkòró títí dé etí ọ̀sà Bàrígà: "Mojí, kí ló dé tó o fi padà wá?" Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún, tàbí pé kí ni mo jẹ. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó bá ti wọ bàálù kò gbọdọ̀ wálé mọ́ àfi tí wọ́n bá lé e. Màmá mi ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ìsinmi ni mo wá lò. Ó ti wá sú mi láti máa fèsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ibi tó dùn níbẹ̀, ibi tó korò, àti ibi tí èmi fúnra mi ti jẹ̀bi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran wò ní ilé ìwòsàn ẹran kékeré kan nítòsí Ọbaníkòró. Èmi kọ́ ni dókítà. Ọ̀gá mi ni dókítà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun ti di dókítà nìyẹn, nítorí náà "Dókítà Ajá" ni wọ́n ń pè mí títí dé Ladi-Lak. Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí n kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá kòkòrò tí eégbọn máa ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ibà ajá ni àwọn èèyàn wa ń pe àìsàn náà. Ẹ ti rí i rí. Ajá tó ń lé adìẹ kiri lánàá kò ní lè dìde lónìí, èrìgì rẹ̀ á funfun bí òwú, ìtọ̀ rẹ̀ á pupa bí sobo. Bí a bá tètè mọ̀, abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan wà tó lè gbà á là. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà le púpọ̀. Bí a bá ṣì í fún ajá tí kì í ṣe ibà yẹn ló ń ṣe é, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, kó máa pòòyì lójú kan títí tí yóò fi kú.

Bàbá kan wà ní Ṣómólú tí wọ́n ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú. Bàbá Atẹ̀wé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bíńgò, ajá wọn, ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ara Bíńgò kò yá, èmi ni mo wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, mo ní kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Mo padà sídìí gíláàsì yẹn, mo tún un wò fún odindi wákàtí kan, mo wá rí kòkòrò méjì péré, wọ́n rí bí ẹ̀kán omijé méjì tó forí korí.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Atẹ̀wé. Wọn kò bú mi. Wọ́n nu tàdáwà ọwọ́ wọn sára àkísà, wọ́n ní, "Dókítà Ajá, ṣé ojú nìkan náà lẹ ó máa gbẹ́kẹ̀ lé ni? Ṣé kò sí ohun tó lè tètè sọ fún yín ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà dé bá ọ̀gá mi láti ilé ìwádìí kékeré kan ní Gúúsù Áfíríkà pé wọ́n ń wá ẹni tó lè kó ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá Èkó wá, kó sì bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, mi ò jẹ́ kí ọ̀gá mi kà á tán kí n tó sọ pé èmi ni n ó lọ. Purotéènì ni wọ́n ń wá, ohun kan tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ṣe káàdì kékeré kan bíi tèyí tí àwọn obìnrin ń rà ní kẹ́mísìtì láti fi mọ̀ bóyá wọ́n lóyún. Èèyàn á kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ìlà á yọ tàbí kó má yọ, ó parí. Mo gba ẹ̀jẹ̀ lára ajá ọgbọ̀n ní Bàrígà àti Ṣómólú, mo dì wọ́n mọ́ yìnyín nínú fíláàsì ńlá, mo sì lọ.

Ẹnu ibodè

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Nàìjíríà nígbà náà. Mo ti rò pé ojú tuntun ni ayé á fi máa wò wá. Obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò níbi tí a bà sí dúdú bíi tèmi, ó tilẹ̀ jọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Abẹ́òkúta. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Kò rẹ́rìn-ín padà.

"Kí ló wà nínú fíláàsì yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ajá ni, mà."

Ó yíjú sí ọkùnrin tó dúró tì í. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ajá ni."

Ọkùnrin náà gba ìwé ìrìnnà mi, ó wo èèpo rẹ̀, kò ṣí i rárá. "Nàìjíríà. Lánàá, ìyẹ̀fun olóró ni wọ́n gbé wá. Lónìí, ẹ̀jẹ̀ ajá." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Wọ́n tú aṣọ mi, títí kan àwọn tí mi ò fẹ́ kí ọkùnrin rí. Wọ́n ya inú báàgì mi. Wọ́n ki ìka bọ inú gààrí mi, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù. Fíláàsì wà lórí tábìlì, wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "yìnyín inú rẹ̀ ń yọ́. Bó bá ti gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà àwọn tó pè mí nìyí."

"Ẹ ti ní ààrẹ tí ẹ dìbò yàn báyìí, àbí?" ni ọkùnrin yẹn fi dá mi lóhùn. "Kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ wa?"

Nígbà tí ẹnì kan wá ka lẹ́tà náà níkẹyìn, ìgò mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bínú. Obìnrin tó jọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé mi, ó sì pe ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mo ro ajá mọ́kànlá tí mo ti gún lára lásán, àti àwọn tó ni wọ́n, tí wọ́n di ajá mú fún mi tìfẹ́tìfẹ́.

Orúkọ àti ife tíì

Ilé ìwádìí náà wà ní àdúgbò kan tó tòrò bí ibi ìsìnkú. Ògiri gíga ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká, ajá sì wà lẹ́yìn ògiri kọ̀ọ̀kan. Bí òyìnbó bá ń kọjá, àwọn ajá yẹn á sùn jẹ́ẹ́. Bí èmi bá ń kọjá, wọ́n á fò mọ́ irin géètì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ya mí jẹ. Èmi tí àwọn ajá Bàrígà ń ju ìrù sí! Ó pẹ́ kí n tó gbà pé wọ́n kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́tì ló ni iṣẹ́ náà. Obìnrin òyìnbó ni wọ́n, wọ́n á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, irun wọn ti funfun. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gba tèmi. "Má pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n o. Hẹ́tì ni kó o máa pè mí."

Ẹnu mi kò gbà á. "Mà" ni mò ń pè wọ́n títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òyìnbó tí kò ju ogún ọdún lọ ń pè wọ́n ní Hẹ́tì lójú ara wọn, wọ́n á sì jọ jókòó mu tíì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè wọ́n ní "Màdáàmù" níbẹ̀. Màmá Dinéò ni, obìnrin dúdú tó ń fọ ìgò, tó sì ń tọ́jú àwọn ehoro láti ọdún méjìdínlógún. Màmá Dinéò ní ife tiwọn lọ́tọ̀. Inú ilé ehoro ni wọ́n ti ń mu tíì, wọ́n á dúró mu ún. Wọ́n sọ fún mi pé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ní kó rí bẹ́ẹ̀ ti kú láti ọdún mélòó kan. Mo bi Màmá Dinéò pé kí ló dé tí ife náà kò tíì kú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo padà ń gbé. Yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi tutù bí inú fíríìjì, mi ò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá Dinéò rí ojú mi, wọ́n ní, "Kó ẹrù rẹ, ká lọ sílé." Ilé náà jẹ́ yàrá méjì lábẹ́ páànù, ní àdúgbò àwọn dúdú lẹ́yìn ìlú. Àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn obìnrin méjì ló ń gbé ibẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ náà ti kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n figbe ta. "Dìde jàre! Èmi kì í ṣe ọba." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pẹ́ kí n tó jí, mo ń sáré jáde, ni wọ́n bá na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Ìkúnlẹ̀ mi dà?"

Páàpù ni oúnjẹ wọn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àgbàdo ni wọ́n fi ń rò ó. Ó funfun bíi làfún tí ìyá mi ń rò, ṣùgbọ́n kì í fà, ó máa ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́ ni. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ dára, àmọ́ kò sí ata níbẹ̀ rárá, kò sí irú, kò sí epo. Mo bu ata gígún Bàrígà sí ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màmá Dinéò mu omi ife mẹ́ta, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń bú mi ní èdè wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n bi mí pé, "Nǹkan tó ń géni jẹ yẹn dà?"

Àwọn aládùúgbò wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: màkwẹ̀rẹ̀kwẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn àjòjì tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dà bí ariwo lásán. Ọkùnrin kan sọ fún mi lójúkojú pé àwa la wá gbaṣẹ́ wọn. Mo ní, "Iṣẹ́ wo? Ìwọ náà ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò ni?" Màmá Dinéò fà mí lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má dá irú wọn lóhùn mọ́, nítorí pé kì í tán síbi ọ̀rọ̀. Ṣebí àwa ọmọ Nàìjíríà la fi owó ìjọba wa ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira? Kò sẹ́ni tó rántí. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé arákùnrin wa ni wọ́n. Wọn kò kọ́ àwọn yẹn.

Ìlà búlúù

Oṣù kẹfà tí mo débẹ̀ la rí ohun tí à ń wá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó bu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń ṣàìsàn àti ti ajá tí ara rẹ̀ le sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú nǹkan kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, a ó wá fi iná mọ̀nàmọ́ná sí i. Àwọn purotéènì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn kékeré á lọ jìnnà, àwọn ńlá á wà lẹ́yìn. Bí a bá pa á láró, wọ́n á yọ bí ìlà búlúù inú ìwé ọmọléèwé. Lọ́jọ́ náà, a rí ìlà kan lára gbogbo ajá tó ní kòkòrò, tí kò sí lára ọ̀kankan nínú àwọn tí ara wọn le.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́tì jó yí tábìlì ká. Wọ́n dì mọ́ mi. "Mojí, ajá rẹ tó kú yẹn, a ti gbẹ̀san rẹ̀." Mo ti sọ ìtàn Bíńgò fún wọn. Wọ́n ra súwẹ́tà fún mi, aláwọ̀ ewé, nítorí wọ́n rí i pé òtútù ń mú mi. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn burúkú ni wọ́n.

A gé ìlà náà jáde, a gún un mọ́ àwọn ehoro Màmá Dinéò lára, kí ẹ̀jẹ̀ ehoro lè kọ́ bí a ti ń dá a mọ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ehoro kọ́ yẹn la fi ṣe káàdì. Káàdì kìíní ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan gbọ́, wọ́n ní àwọn á bá wa ṣe é jáde fún gbogbo Áfíríkà. Mo kọ lẹ́tà sí Bàbá Atẹ̀wé pé ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, a ti rí i.

Ìgò ti Ladi-Lak

Ohun kan ń rìn lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ. Gbogbo ajá tí a fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe iṣẹ́ náà, yálà ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ni, tàbí ara wọn le kokooko. Kò sẹ́ni tó tíì fi káàdì náà yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá tí àìsàn mìíràn ń ṣe wò.

Mo rántí pé irú ẹ̀ wà nínú ẹrù tí mo kó wá. Ajá kan ní Ladi-Lak ni, ọ̀kadà ló gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà. Ẹni tó ni ín ló ní dandan kí n gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Ọjọ́ méjì ni mo fi wo ẹ̀jẹ̀ yẹn nílé, kò sí kòkòrò ibà kankan níbẹ̀. Ìgò rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ fíríìjì.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Màmá Dinéò tó wá fún ehoro lóúnjẹ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan.

Ìlà náà yọ. Ó nípọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan nínú ìlú, mo tọrọ ẹ̀jẹ̀ ajá mẹ́rin tí kì í ṣe ibà ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀kan ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òmíràn ní egbò. Mo ṣe tiwọn lọ́jọ́ Sunday. Ìlà náà yọ lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí a rí kì í ṣe ti kòkòrò. Ti ajá fúnra rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ló máa ń tú u jáde nígbàkígbà tí ìnira bá bá a, ohun yòówù tí ìnira náà ì báà jẹ́. Káàdì wa á máa sọ pé gbogbo ajá tó ń ṣàìsàn ló ní ibà, wọ́n á sì máa gún abẹ́rẹ́ ìyeyè fún wọn.

Ní ọjọ́ Monday, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́tì. Wọn kò nílò kí n ṣàlàyé. Mo rí i tí ojú wọn yí padà.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Àwọn ará ilé iṣẹ́ yẹn ń bọ̀ ní Thursday wá tọwọ́ bọ̀wé. Bí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, a ó ní ọdún mẹ́ta sí i. Láàárín ọdún mẹ́ta, a ó rí èyí tó jẹ́ ti kòkòrò gan-an. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Káàdì yìí ńkọ́, mà? Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á?"

"Àwọn dókítà máa lo ọgbọ́n wọn."

"Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n máa tà á dé kò ní dókítà, mà. Irú èmi ló wà níbẹ̀."

Wọ́n nu awò ojú náà. "Èèyàn mẹ́fà ló ń jẹun lórí tábìlì yìí, Mojí. Ìwọ náà wà nínú wọn. Mo bẹ̀ ọ́, ronú sí i."

Mo ronú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ronú, mò ń ṣẹ́ páàpù kù sínú abọ́. Màmá Dinéò bi mí bóyá àárò ilé ló ń sọ mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé Màmá Dinéò wà nínú èèyàn mẹ́fà yẹn. Mi ò sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe wà: mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, mi ò sì ní lè kọ̀ fún wọn.

Thursday

Ọkùnrin mẹ́ta ló wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́tì ṣàlàyé káàdì fún wọn, wọn kò mẹ́nu kan ohun tí mo rí. Bóyá ǹ bá dákẹ́ ká ní kò sẹ́ni tó bi mí. Mi ò mọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo wá láti Èkó, níbi tí àìsàn yìí pọ̀ sí. Bí wọ́n bá fún ọ ní káàdì yìí, ṣé wàá gbà á gbọ́?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́tì ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Rárá, sà," mo ní. "Bí ìṣó bá gún ajá lẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ náà kẹ̀, káàdì yìí á ní ibà ló ń ṣe é."

Ọkùnrin náà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo sì gbé àwọn ìlà náà síwájú rẹ̀. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n bi mí ní ìbéèrè mélòó kan, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n pa báàgì wọn dé.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hẹ́tì kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Òótọ́ lo sọ. O lè máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́." Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pa gbogbo àwọn ehoro, wọ́n sì fi ìwé lé Màmá Dinéò lọ́wọ́ pé kò sí iṣẹ́ mọ́.

Mo bá wọn nínú ilé ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé náà. Wọ́n jókòó ti sítóòfù tí wọn kò tàn. Mo kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀ fún mi," wọ́n ní. "Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Láti Sátidé yẹn, mà."

"Sátidé tí mo ṣílẹ̀kùn fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O wá sílé. O jókòó síbí. O jẹ páàpù mi."

"Mà, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n máa ta nǹkan tí ó máa pa..."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ajá?" Ohùn wọn lọ sókè, àwọn ọmọ yọjú láti inú yàrá. "Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ajá ni? Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tó o ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi ń lọ, o ò sọ fún mi. Ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Ọ̀gá tí mo sìn fún ọdún méjìdínlógún kò sọ fún mi. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ìwọ á wọ bàálù," wọ́n ní. "Wàá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin sí i nínú ilé yẹn. Wọ́n ń gbé oúnjẹ mi síwájú mi bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọn kò sì wo ojú mi. Ní àárọ̀ tí mo lọ, wọ́n ti jáde kí n tó jí.

Ilé

Ooru Èkó gbá mi mú lẹ́nu ọ̀nà bàálù, inú mi dùn sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Atẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti mú ajá tuntun, wọ́n sì ti fi lẹ́tà mi han gbogbo àwọn atẹ̀wé òpópónà wọn pé ọmọ àdúgbò wa ti rí nǹkan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí a rí kì í ṣe ohun tí à ń wá. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ fún mi." Wọ́n kọjú sí ẹ̀rọ wọn, wọ́n tàn án, ariwo rẹ̀ sì bo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi. Mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ní Yábàá ni wọ́n ń gbé ajá wọn lọ báyìí.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Gíláàsì náà ni, ojú mi náà ni. Mo máa ń wo ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan báyìí, ọ̀gá mi sì ń kùn pé mo ń fa iṣẹ́ gùn.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Màmá Dinéò, èsì kò wá. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ilé ìpe-fóònù kan ní Bàrígà, mo pe ilé aládùúgbò wọn tó ní fóònù, mo ní kí wọ́n bá mi pè wọ́n. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n gbé e.

"Mà, Mojí ni."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà. Mò ń bá àwọn kan fọṣọ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èyí àgbà ti kúrò níléèwé, ó ń ràn mí lọ́wọ́."

Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Mo ti kọ ẹ̀bẹ̀ náà sínú ìwé, mo mú un dání. Wọn kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti rò ó dáadáa," wọ́n ní. "Ohun tó o sọ fún àwọn ọkùnrin yẹn dára. Ká ní èmi ni, ǹ bá má lè sọ ọ́. Mo sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n má pè mí mọ́, Mojí. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ó sì ti rẹ̀ mí."

Wọ́n rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fóònù yẹn bi mí bóyá mo tún fẹ́ pe nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀. Mo ní rárá, mi ò mọ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún.